Ojúmitó Kò Tó Ẹ̀rí

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà ní ọ̀nà ìṣègùn tí Gordon Guyatt àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì McMaster, ní Kánádà, sọ lórúkọ ní "evidence-based medicine" ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, orúkọ yẹn gan-an ló máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ. Ohun tí wọ́n ń wí kò ta kókó: kí oníṣègùn má fún aláìsàn ní oògùn kìkì nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ ń lò ó, tàbí nítorí pé ó bá ẹnì kan lára mu lóṣù tó kọjá. Kí ó wo ohun tí ìwádìí tó ṣe é fọkàn tán sọ, kí ó fi ìmọ̀ tirẹ̀ àti ìfẹ́ aláìsàn kún un, kó tó kọ oògùn. Bí a bá wá pe èyí ní "ìṣègùn ẹlẹ́rìí", àwọn tó jókòó á rò pé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà là ń sọ, àwọn tí kì í gba ẹ̀jẹ̀. "Ìṣègùn tó dúró lórí ẹ̀rí" ló rọ̀ mọ́ni lẹ́nu, òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn á mú. Èmi ò gbà á tán.

Ìdí ni pé Yorùbá ti ní ohun tó ń pè ní ẹ̀rí tipẹ́, ojúmitó sì ni olórí rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá dé iwájú baálẹ̀, ohun tí wọ́n á bèèrè ni pé ta ló ṣojú ẹ̀. "Ó ṣojú mi kòró" ti tó láti pa alátakò lẹ́nu mọ́. Àmọ́ lórí àkàbà tí àwọn Guyatt fi ń to ẹ̀rí láti ìsàlẹ̀ dókè, ojúmitó ẹnì kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ ti ọ̀jọ̀gbọ́n, ìsàlẹ̀ ló wà. Dókítà àgbà tó ti ń tọ́jú aláìsàn láti ọgbọ̀n ọdún wá kò ní ju ojúmitó lọ lọ́wọ́. Tí a bá wí fún un pé kí ó máa tẹ̀ lé ẹ̀rí, tí a sì dákẹ́ síbẹ̀, á fi ìdùnnú padà sídìí ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí ó dá a lójú pé òun ti rí i.

Zaria ni mo ti rí àpẹẹrẹ tó mú ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Ní àwọn ọdún 1970, Eldryd Parry, ọmọ ilẹ̀ Wales, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Yunifásítì Ahmadu Bello. Òun àti N. M. Davidson kíyè sí i pé àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ń wá sílé ìwòsàn pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú àti èémí tí kò délẹ̀; ọkàn wọn kò lè ti ẹ̀jẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n wo ohun tí àwọn abiyamọ yìí ń ṣe nílé. Fún ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìbímọ, àṣà Hausa ní kí ìyá máa fi omi gbígbóná janjan tí wọ́n rẹ ewé sí wẹ̀, wankan jego ni wọ́n ń pè é. Kí ó máa sùn lórí ibùsùn alámọ̀ tí wọ́n dáná sí lábẹ́. Kí ó sì máa mu kunun kanwa, ìyẹn ògì jéró tàbí ti ọkà bàbà tí wọ́n fi kánún sí dáadáa. (Kánún kan náà tí àwa ń bù sí ewédú, ṣùgbọ́n a kì í mu ún ní ife.) Iyọ̀ tó wà nínú kánún ń dá omi dúró sára, ooru sì ń fi kún iṣẹ́ ọkàn. Àlàyé náà wọlé. Davidson àti Parry tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Ní 1979, àwọn mẹ́rin mìíràn ní Zaria, Sanderson, Adesanya, Anjorin àti Parry kan náà, tún gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà. Ẹ rí i pé orúkọ ilé wa wà nínú wọn.

Ojúmitó tó jinlẹ̀ ni, kì í ṣe ahesọ. Síbẹ̀ ìbéèrè kan kù: obìnrin mélòó ló ṣe gbogbo àṣà yìí ní Zaria tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú? Ọ̀pọ̀ jaburata. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Kamilu Karaye ti Yunifásítì Bayero ní Kano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìyá tó ní àrùn ọkàn náà jọ láti ilé ìwòsàn káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ìyá tí kò ní in. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, omi gbígbóná àti kunun kanwa kọ́ ló ya ẹgbẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ ní Kano. Àìríwèékà, àìníṣẹ́lọ́wọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó lágbára nínú oyún ló yọ orí jáde. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ lè máa da kánún mu o.

Ohun tó gbé iṣẹ́ Karaye dúró ni àfiwé. Nítorí náà, "ẹ̀rí àfiwé" ni mo fẹ́ kí á máa pè é, kí iṣẹ́ náà sì máa jẹ́ "ìṣègùn ẹ̀rí àfiwé". Àkàbà náà á wá ní orúkọ láti ìsàlẹ̀ dókè: àgbọ́sọ, ojúmitó, ẹ̀rí àfiwé, àti àkójọ àfiwé, èyí tí àwọn ará Cochrane tó wà ní Calabar ń ṣe, tí wọ́n ń kó gbogbo ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ kan jọ, tí wọ́n sì ń gbọ̀n ọ́n wò.

Kíkọ́ni náà á rọrùn. Ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó bèèrè: Ta ni? Kí la fún un? Dípò kí ni? Kí ló yọrí sí? Ẹ̀kẹta yẹn ni wọ́n máa ń fò. "Ṣé kánún ń ba ọkàn abiyamọ jẹ́?" kò tíì di ìbéèrè. Ẹ wò ó báyìí: "Nínú àwọn abiyamọ ìlú Zaria, bí a bá fi àwọn tó mu kunun kanwa wé àwọn tí kò mu ún, apá wo ni ọkàn ti rẹ̀ jù kí oṣù márùn-ún tó pé?" Dókítà tó jẹ́ Yorùbá ní ilé ìwòsàn Shika ní Zaria lè máa fi Hausa bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kó sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, kò ní kó má fi Yorùbá ronú ìbéèrè rẹ̀.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò tijú láti yá fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì lò. Èmi náà ò ní kọ ọ̀rọ̀ àyálò, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ilé bá ti wà, kí á lò ó. Bí wọ́n bá fẹ́ pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì láìyan ẹnikẹ́ni, gègé ni wọ́n ṣẹ́. Ẹ má sọ pé wọ́n dìbò; INEC ti gba ìyẹn. Oògùn tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, nítorí ayédèrú ni NAFDAC ń sun níná. Oògùn òfìfo ni.

Ti kí aláìsàn àti dókítà má mọ ẹni tó gba oògùn gidi ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, torí bí a bá tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì, "ìdánwò afọ́jú méjì" la máa ní. Ṣé ti ilé ìwòsàn ojú ni? Ẹni tó bá lọ ṣe Ifá kì í sọ ohun tó gbé e wá fún babaláwo. Owó ló máa ń sọ ọ́ sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ọ̀rọ̀ má bàa darí ẹnu ẹni tó ń kifá. Ìlò náà ti wà, ó ku kí á fún un lórúkọ: ìdánwò àfibò, èyí tí a fi bo aláìsàn lójú nìkan, tàbí aláìsàn àti dókítà.

"Ìdánwò" fúnra rẹ̀ ń ba àwọn kan lẹ́rù. Wọ́n ní kí á sọ pé "ìwádìí", pé ìdánwò ń dún bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi ènìyàn ṣe eku. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń jà ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer fi oògùn Trovan dán nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ wò, wọ́n sì fún ọgọ́rùn-ún mìíràn ní ceftriaxone. Ọmọ mọ́kànlá kú láàárín méjèèjì, ẹjọ́ sì bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá àwọn òbí mọ ohun tí wọ́n gbà sí. Ní 2003, Kano àti Kaduna wà lára ìpínlẹ̀ tó dá abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ dúró, ìtàn Trovan sì wà lára ohun tó ń ru ìfura sókè. Nítorí èyí gan-an ni mo fi dúró ti "ìdánwò". Ẹni tí a fẹ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀ yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀.

Ojúsàájú ni wọ́n máa ń fi túmọ̀ ohun tó ń yí èsì ìwádìí sápá kan, kò sì tọ̀nà, nítorí ojúsàájú ń fẹ̀sùn kan ènìyàn. Ẹni tó bá ti ra ìrẹsì ní Sábó Zaria mọ mudu, igbá ìwọn-oúnjẹ ibẹ̀. Bí ìdí mudu bá ti bọ́ sínú, olóòótọ́ lè fi wọn ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo rẹ̀ á dín. Ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n kò sì ní tún un ṣe. Àṣìwọ̀n ni mo pe èyí. Èèṣì yàtọ̀ sí i: bí àwọn tí a kà bá ti ń pọ̀ sí i ni èèṣì ń dínkù.

Ó wá ku gbèdéke, ìyẹn ibi tó kéré jù àti ibi tó pọ̀ jù tí iye gidi lè wà, ọ̀rọ̀ tó le jù láti kọ́ni. Ìdánwò WOMAN, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, kó obìnrin 20,060 jọ láti orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà wà níbẹ̀, lórí oògùn tranexamic acid fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Nínú ẹgbẹ̀rún tó gba oògùn òfìfo, ẹ̀jẹ̀ pa nǹkan bí 19. Nínú ẹgbẹ̀rún tó gba oògùn gidi, nǹkan bí 15. Bí a bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, níbi tí ènìyàn 100 ìbá ti kú, 81 ló kú. Ṣùgbọ́n gbèdéke rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 65, ó sì dé 100. Olùkọ́ tó bá ń fi Yorùbá ka èyí kò gbọdọ̀ gbé 100 yẹn mì, nítorí ohun tó ń wí ni pé ó ṣeé ṣe, bí kò tilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀, kí oògùn náà má tíì gba ẹnì kan là lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ dídà. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti bèèrè bóyá kí àwọn ṣì máa fún ìyá náà ní abẹ́rẹ́ náà, ìdáhùn sì ni bẹ́ẹ̀ ni, nítorí gbèdéke náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nísàlẹ̀ 100 tán, kó sì jẹ́ láàárín wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ.