Ṣé Oúnjẹ Lárúbáwá ni Oúnjẹ Islam? Ìtàn Ata Íńdíà, Òróró Zaytun àti Ẹran Haláàlì



 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa. Àwọn kan rò pé ẹni tí ó bá se biriyani tàbí mandi níbi wọlímà ni ó se oúnjẹ Islam, pé ẹni tí ó gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì kalẹ̀ kàn ṣe àṣà ìbílẹ̀ ni. Ní òdìkejì, àwọn àgbàlagbà wà tí wọ́n ń fura sí gbogbo èròjà tí wọn kò bá mọ̀. Wọ́n á ní kí a má fi sínú ọbẹ̀, pé ilẹ̀ àwọn abọ̀rìṣà Íńdíà ni ó ti wá. Ìtàn kò gbe ìhà kankan nínú méjèèjì lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ Ànábì fúnra rẹ̀. Ẹ ó rántí ìtàn dabbu, ẹranko bí alángbá ńlá tí ń gbé inú aṣálẹ̀. Wọ́n sun ún, wọ́n gbé e síwájú Ànábì nílé ìyá wa Maymūna, Khālid ọmọ Walīd sì wà níbẹ̀. Nígbà tí Ànábì gbọ́ ohun tí ó jẹ́, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Khālid bi í bóyá háràámù ni. Ó ní rárá, kò sí ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni, ọkàn òun kò sì fà sí i. Khālid bá fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó jẹ ẹ́, Ànábì sì ń wò ó. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun méjì ló wà níbẹ̀: ohun tí òfin sọ, àti ohun tí ẹnu ẹni mọ́ láti kékeré. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa pe ìfẹ́ ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀sìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Baghdad.

Ní ọdún 1226, èyí tí ó jẹ́ 623 lẹ́yìn Hijra, ọkùnrin akọ̀wé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Muhammad ọmọ al-Hasan al-Baghdādī kọ ìwé kékeré kan tí ó pè ní Kitāb al-Tabīkh, ìyẹn ìwé oúnjẹ sísè. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ irú rẹ̀. Ibn Sayyār al-Warrāq ti kọ tirẹ̀ ní Baghdad kan náà ní nǹkan bí igba ọdún ó lé ṣáájú, orí 132 ni ó sì pín in sí. Ṣùgbọ́n ti al-Baghdādī ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó kọ ọ́ bí ẹni tí ó dúró ti ìdí àdògán gan-an. Ó ka ìgbádùn ayé sí oríṣi mẹ́fà, ó sì fi oúnjẹ ṣe olórí gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ẹni tí ń se oúnjẹ: kí ó gé èékánná rẹ̀, kí ó sì máa fọ ọwọ́. Kí wọ́n fi bíríkì lílọ̀ fọ ìkòkò. Kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí kúrò lára ẹran kí ó tó wọ ìkòkò, bí ó bá sì ti hó kí wọ́n bu ìfófòó orí rẹ̀ dànù. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ń tọ́jú èékánná gígùn, ọ̀rọ̀ yín ti pẹ́ nílẹ̀.)

Ọbẹ̀ tí ó fi ṣíwájú nínú ìwé náà ni sikbāj. Ẹran ọlọ́ràá ni wọ́n á gé sí wẹ́wẹ́, wọ́n á bu omi bò ó, wọ́n á fi ewé kusbara tútù, èèpo sínámọ́nì àti iyọ̀ sí i. Bí ó bá hó, wọ́n á bu ìfófòó rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì yọ ewé náà. Àlùbọ́sà funfun á wọ ìkòkò, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì tàbí ìgbá aláwọ̀ dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á po fínígà pọ̀ mọ́ oyin tàbí omi dàbínù tí a sè títí ó fi ki, wọ́n á tọ́ ọ wò títí kíkan àti dídùn rẹ̀ yóò fi bá ara mu, wọ́n á dà á sí i. Zaafarán á fún un ní àwọ̀. Álímọ́ńdì, èso àjàrà gbígbẹ àti ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ ni wọ́n á fi ṣe ọ̀ṣọ́ orí rẹ̀. Wọ́n á fi aṣọ mímọ́ nu etí ìkòkò, wọ́n á wọ́n omi òdòdó róòsì lé e, wọ́n á sì jẹ́ kí ó sinmi lórí ẹyinná kí wọ́n tó sọ̀ ọ́.

Ọbẹ̀ yìí kì í ṣe ti Lárúbáwá láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Páṣíà ni ó ni í, àwọn ọba wọn ti ń jẹ ẹ́ kí Islam tó dé ibẹ̀, èdè Páṣíà sì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn mùsùlùmí Baghdad kò sọ pé ọbẹ̀ àwọn aboná ni. Wọ́n fi ẹran tí a pa ní ìlànà ẹ̀sìn sè é, ó sì di ọbẹ̀ tí àwọn Khalifa ń jẹ. Fínígà tí ó gbé ọbẹ̀ náà ró pàápàá, Ànábì ti yìn ín nínú hadīth tí Imām Muslim gbà wá.

Ẹ wo àwọn èròjà inú ìwé náà. Sínámọ́nì ni wọ́n ń pè ní dārsīnī, ìtumọ̀ rẹ̀ ni igi Ṣáínà. Kusbara àti kamūn jẹ́ ti àwọn ilẹ̀ tí ó yí Òkun Mẹditaréníà ká, níbi tí òróró zaytun náà ti ń wá láti Ṣáámù. Fulful, ata dúdú oníhóró tí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ìyèré wa, àti ata ilẹ̀ ń ti Íńdíà wá. Ata ilẹ̀ yìí ni Ọlọ́hun dárúkọ nínú Sūratul Insān pé wọ́n á fi po ohun mímu àwọn ará Àlùjánnà. Kànáfùrù ń ti àwọn erékùṣù Maluku wá, ní ìkángun ìlà-oòrùn. Àwa gan-an gba lára orúkọ wọn: al-basal ti èdè Lárúbáwá gba ẹnu Hausa kọjá kí ó tó di àlùbọ́sà lọ́dọ̀ wa, qaranful náà sì di kànáfùrù. Ohun tí ẹ kò ní rí nínú ìkòkò Baghdad ni ata rodo àti tòmátì. Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti wá, ó sì di ẹ̀yìn ọdún 1492 kí ẹnikẹ́ni ní ìhà ibí tó mọ̀ wọ́n. Biriyani tí ó ń ta ẹnu yín nísinsìnyí kò lè ní irú ata bẹ́ẹ̀ nínú nígbà náà.

Báwo ni ata ṣe ń dé Baghdad? Afẹ́fẹ́ òkun ni. Ní ìgbà òjò, ó ń fẹ́ láti Lárúbáwá lọ sí Íńdíà. Bí ó bá di ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó yí padà, ó sì ń fẹ́ ọkọ̀ bọ̀ wálé. Àwọn atukọ̀ pe àkókò ìrìnàjò wọ̀nyí ní mawsim, ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn òyìnbó sọ di orúkọ afẹ́fẹ́ náà títí di òní. Ibn Battūta ọmọ Tangier dé etíkun Malabar ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1340. Ó rí i pé ata tí wọ́n ń kà sí iyebíye nílùú tirẹ̀, ṣe ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n níbẹ̀ bí ẹni ń wọn ọkà bàbà. Ọba Calicut kì í ṣe mùsùlùmí, síbẹ̀ àwọn oníṣòwò Yemen, Páṣíà àti Ṣáínà ń pàdé ní èbúté rẹ̀. Ọwọ́ àgbẹ̀ Hindu ni ata ti ń bọ́ sí ọwọ́ mùsùlùmí, nígbà mìíràn sí ọwọ́ Júù ará Cairo, lẹ́yìn náà Alexandria, títí dé ọwọ́ àwọn ará Venice tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́. Ata kò di háràámù nítorí ọwọ́ tí ó gbìn ín tàbí ọwọ́ tí ó tà á. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí ohun tí ilẹ̀ hù ni pé ó tọ́, àfi èyí tí ẹ̀rí bá yọ sílẹ̀. Ibn Battūta tilẹ̀ sọ pé ní abúlé Malabar tí kò bá sí ilé mùsùlùmí, àwọn Hindu á se oúnjẹ fún àlejò mùsùlùmí, orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n á sì bù ú sí, nítorí wọn kò fẹ́ kí ó fi abọ́ wọn jẹun. Àwọn náà ní òfin tiwọn!

Ẹran ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ìwé hisba tí al-Shayzarī kọ ní Ṣáámù ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sọ iṣẹ́ alámòójútó ọjà lórí àwọn alápatà. Ó dára kí ẹni tí yóò pa ẹran jẹ́ mùsùlùmí, kí ó ti bàlágà, kí orí rẹ̀ pé, kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó sì kọjú ẹran sí gábàsì. Kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ wọ́ àgùntàn nílẹ̀ tagbáratagbára. Kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ tí ó kú dúńbú ẹran, nítorí ìyà ni fún ẹranko. Kò gbọdọ̀ da ẹ̀jẹ̀ sójú ọ̀nà. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé kí alápatà má da ẹran ewúrẹ́ pọ̀ mọ́ ti àgùntàn: kí ó fi zaafarán to àmì sára ti ewúrẹ́, kí ó sì jẹ́ kí ìrù rẹ̀ máa rọ̀ lára rẹ̀ títí yóò fi tà tán, kí ẹnikẹ́ni má baà tan oníbàárà jẹ. Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọjà wa, níbi tí ènìyàn ti ń ra ẹran láì béèrè bóyá wọ́n dúńbú rẹ̀ tàbí ó kú fúnra rẹ̀. Mi ò ní kí a máa fura sí gbogbo ènìyàn. Nígbà tí àwọn kan sọ fún Ànábì pé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Islam ń gbé ẹran wá fún àwọn, àwọn kò sì mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun sí i, ohun tí ó sọ ni pé kí àwọn dárúkọ Ọlọ́hun kí wọ́n sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn béèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹran yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni Andalus, ilẹ̀ Spéènì ti òní. Àwọn mùsùlùmí ibẹ̀ gbé oúnjẹ Baghdad lọ sí etí Òkun Mẹditaréníà. Ìrẹsì, ṣúgà, zaafarán, òróró zaytun: bí ẹ bá gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu ará Spéènì lónìí, arroz, azúcar, azafrán, aceite, èdè Lárúbáwá ni ẹ ń gbọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1492, Granada bọ́ sọ́wọ́ ọba àti ayaba Kátólíìkì. Wọ́n ṣe àdéhùn pé àwọn mùsùlùmí yóò máa ṣe ẹ̀sìn wọn, àdéhùn náà kò sì pé ọdún mẹ́wàá. Ní 1502, wọ́n pàṣẹ ní Castile pé kí mùsùlùmí ṣe ìrìbọmi tàbí kí ó jáde nílùú. Àwọn tí wọ́n dúró ni wọ́n ń pè ní Morisco.

Wọ́n gba mọ́ṣáláṣí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sun ìwé kéwú wọn. Ní 1567, wọ́n fi òfin de èdè Lárúbáwá, aṣọ wọn àti ilé ìwẹ̀ wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ṣí ilẹ̀kùn ilé wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè rí wọn. Ohun tí ó kù ni ilé ìdáná. Ibẹ̀ náà ni ilé ẹjọ́ ìjọ tí wọ́n ń pè ní Inquisition wá tẹ̀ lé wọn dé. Lára àmì tí wọ́n kà fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n fi mọ mùsùlùmí tí ó fara pamọ́ ni pé ó kọjú ẹran sí Kíblà nígbà tí ó ń pa á, pé kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, pé kì í mu ọtí. Obìnrin tí ó ń fi òróró zaytun dín nǹkan dípò ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ lè mú kí aládùúgbò fura sí i. Wọ́n ṣòfin pé Morisco kò gbọdọ̀ pa ẹran fúnra rẹ̀, onígbàgbọ́ ni kí ó pa á tàbí kí ó dúró tì í.

Ẹ rò ó wò. Ìyá kan ní ilé ìdáná rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ èdè Lárúbáwá, kò rí àáfà tí yóò kọ́ ọ. Ohun tí ó lè fi yé ọmọ náà pé mùsùlùmí ni wọ́n ni ohun tí wọn kì í jẹ.

Ní 1504, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Ahmad ọmọ Abī Jum'a, onímọ̀ Mālikiyya tí à ń pè ní al-Wahrānī. Fatwa tí ó fi fèsì wà títí di òní. Ó ní bí wọ́n bá fi tipátipá mú wọn mu ọtí, kí wọ́n mu ún láìní èròǹgbà àtimu ún. Bí wọ́n bá fi tipátipá fún wọn ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí ọkàn wọn kọ̀ ọ́, kí wọ́n sì ní àdìsọ́kàn pé ẹ̀gbin àti háràámù ni. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti sọ pé dandan ni kí wọ́n kó kúrò nílùú. Òun fi àyè tí Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún ẹni tí a fipá mú fún wọn.

Láàárín 1609 sí 1614, ọba Spéènì lé gbogbo wọn jáde, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (300,000) ènìyàn. Púpọ̀ lọ sí Morocco àti Algeria. Àwọn mìíràn dé Tunisia, wọ́n sì tẹ ìlú Testour dó síbẹ̀. Wọ́n tún lè kọjú àgùntàn wọn sí Kíblà ní gbangba.

Oúnjẹ wọn ṣẹ́kù sí Spéènì. Sikbāj di escabeche, ẹja tàbí ẹran tí wọ́n rì sínú fínígà. Al-bunduqa, ẹran lílọ̀ tí a ń ṣù róbótó, di albóndiga. Ó wà ní ilé oúnjẹ gbogbo níbẹ̀, pẹ̀lú èròjà inú rẹ̀ àti orúkọ Lárúbáwá rẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣù ú báyìí.