Ọ̀nà Jíjìn Tó Wà Láàárín Ìwòsàn àti Aláìsàn: Ìtàn Ìtọ́jú Ojú Alátọ̀gbẹ

Àrùn àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í fọ́ni lójú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ́tínà jẹ́, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, títí àwọn iṣan náà yóò fi máa jò, tí àwọn tuntun tí kò lágbára yóò sì hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí lè máa ríran kedere fún ọdún púpọ̀, láìní ìrora kankan, nígbà tí àrùn náà ti jinlẹ̀.

Kò sí oníṣègùn tó lè rí inú ojú ẹni tó wà láàyè dáadáa títí di ọdún 1851, nígbà tí Hermann von Helmholtz ará Jámánì ṣe ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yọjú wo rẹ́tínà. Kò pẹ́ sí i tí Eduard Jaeger, ní ìlú Vienna, fi ṣàpèjúwe àbàwọ́n tó rí nínú ojú alátọ̀gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn bóyá àtọ̀gbẹ ló fà á ní tòótọ́. Àríyànjiyàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ kan ará ìlú, nítorí ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ayé ìgbà náà kì í pẹ́ láyé tó kí ojú wọn tó bàjẹ́. Ínsúlíìnì, oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún aláìsàn ní Toronto ní ọdún 1922, ló yí èyí padà: àwọn ọmọ tí ì bá kú ń dàgbà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ogún ọdún, ojú púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Ọ̀nà àbáyọ pẹ́ kó tó dé. Ní ọdún 1945, Gerd Meyer-Schwickerath ará Jámánì ṣàkíyèsí àwọn tí oòrùn jó rẹ́tínà wọn nígbà tí wọ́n ń wo oòrùn tí òṣùpá bò lójú, ó sì rò ó pé ìmọ́lẹ̀ kan náà lè jó ibi tó ń bàjẹ́ kí ìyókù lè yè. Oòrùn gan-an ló kọ́kọ́ lò, kó tó kan iná xenon. Lẹ́yìn ọdún 1960, lésà gba iṣẹ́ náà. Ìjọba Amẹ́ríkà wá náwó sí ìwádìí kan tó gba aláìsàn tó lé ní 1,700, nínú èyí tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tọ́jú ojú kan lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀. Àbájáde ọdún 1976 fi hàn pé ìtọ́jú náà dín ewu ìfọ́jú líle kù ní ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, débi pé wọ́n yí ìlànà ìwádìí padà kí wọ́n lè tọ́jú àwọn ojú tí wọ́n ti fi sílẹ̀.

Láti ọdún náà, ìmọ̀ kọ́ ló kù. Lésà a máa dáàbò bo ìríran tó ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kì í sábà dá èyí tó ti lọ padà, nítorí náà ẹni tí ojú kò dùn ni ó yẹ kí wọ́n pè wá fún àyẹ̀wò, iṣẹ́ tó nira ju jíjó rẹ́tínà lọ. Àwọn aṣojú ilẹ̀ Yúróòpù tó pàdé ní St Vincent, ní Ítálì, ní ọdún 1989 pinnu láti fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín ìfọ́jú tuntun tí àtọ̀gbẹ ń fà kù. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdúgbò tí aláìsàn ń gbé ló ṣì ń pinnu bóyá ẹnikẹ́ni yóò wo ojú rẹ̀, títí ètò gbogbogbòò fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, tó sì kárí ilẹ̀ náà ní ọdún 2008. Nígbà náà, gbogbo alátọ̀gbẹ tó bá ti pé ọmọ ọdún 12 ni wọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí lọ́dọọdún láti wá ya fọ́tò rẹ́tínà rẹ̀. Orúkọ tó wà nínú ìwé àwọn dókítà àdúgbò ni lẹ́tà náà ń tẹ̀ lé, ó sì dájú pé àkọsílẹ̀ orúkọ yìí ṣe gudugudu méje nínú iṣẹ́ náà, bí kò tilẹ̀ gba ìyìn tí wọ́n ń fún lésà. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ àwọn ìwé ẹ̀rí ìfọ́jú ọdún 2009 sí 2010 wò, wọ́n rí i pé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín àádọ́ta ọdún ó kéré tán, àrùn ojú àtọ̀gbẹ kọ́ ni olórí ohun tó ń fọ́ àwọn ọmọ ọdún 16 sí 64 lójú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales.

Àlàfo tó wà láàárín ìwòsàn àti aláìsàn kò tíì dí tán. Àtọ̀gbẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àgbàlagbà, ń mú àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà àti erékùṣù Karibíà ní Bìrìtìkó ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, àwọn Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù sì wà lára wọn. Ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí ewu wọn kéré lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì dípò ọdọọdún. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún náà láti ìlà-oòrùn àríwá Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé irú àyípadà bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ kí àrùn tó lè fọ́ni lójú pẹ́ kí wọ́n tó rí i lára àwọn kan, àti pé àwọn aláwọ̀ dúdú ni ìdádúró náà yóò kàn jù.