Ta Ló Ń Tọ́jú Ẹṣin Ọ̀yọ́?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, fọ́tò ọkùnrin kan lórí ẹṣin gba gbogbo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Farooq Oreagba ni, níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Tàtúù wà lápá, dígí dúdú wà lójú, ó jókòó lórí ẹṣin bí ẹni tó ni ayé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ò tíì rí i. Àwa náà pín in kiri bíi ti gbogbo èèyàn.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a kà lábẹ́ fọ́tò yẹn, a ò rí ẹni tó béèrè nípa ẹṣin. Ibo ló ti wá? Ta ló fún un lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Ta ló yẹ pátákò rẹ̀ wò? Ìbéèrè yìí lè dà bí àwàdà lójú yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Ilẹ̀ igbó ni Ìjẹ̀bú, òjò sì máa ń rọ̀ gan-an níbẹ̀ lóṣù kẹfà. Ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, kò sí olórí ogun Ọ̀yọ́ tí orí rẹ̀ pé tí yóò kó ẹṣin rẹ̀ lọ sí irú ibẹ̀ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Tí a bá mọ ìdí rẹ̀, a ó mọ bí Ọ̀yọ́ ṣe ga, a ó sì mọ ọ̀kan lára ohun tó wó o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Ọ̀yọ́-Ilé kì í ṣe Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Òkè lọ́hùn-ún ló wà, ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ, tí odò Ọya ò sì jìnnà púpọ̀. Inú ọgbà ìpamọ́ ẹranko tí ìjọba ń pè ní Old Oyo National Park ni ahoro rẹ̀ wà báyìí. Àwọn Tápà ni aládùúgbò wọn, ẹlẹ́ṣin sì ni àwọn Tápà. Àwọn ni wọ́n lé Ọ̀yọ́ kúrò nílé rẹ̀ láyé àtijọ́, títí tí àwọn Aláàfin fi lọ tẹ̀ dó sí Ìgbòho fún ìgbà pípẹ́. Ibẹ̀ ni Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ ti jọba. Ìtàn ẹnu sọ pé obìnrin ni, ó sì sọ pé ó ní ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin nínú ogun rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ ni Ọ̀yọ́ náà kọ́.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ o. Ọ̀yọ́ ò lè bí ẹṣin tó pọ̀ tó nílé. Láti òkè ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ti ń wá, láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò Tápà, Bàrìbá àti Haúsá. Owó ńlá ni ẹṣin kan. Tó bá sì kú, a ó tún ra òmíràn ni. Kí ló dé tí ẹṣin fi ń kú ní ilẹ̀ wa tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀tá ẹṣin kò ní ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Eṣinṣin ni. Eṣinṣin tsetse fẹ́ràn òjìji àti ọ̀rinrin. Abẹ́ igi etí odò àti inú igbó ni ilé rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru àti gbígbẹ ilẹ̀ máa ń lé e padà sí etí odò. Tí òjò bá dé, tí ewé tún hù, yóò tàn káàkiri ọ̀dàn. Tó bá jẹ ẹṣin, ó lè fi kòkòrò àìrí sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibà á mú ẹṣin náà, á máa rù, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ á máa dínkù, ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn rẹ̀ á wú. Àwọn Haúsá ń pe àrùn náà ní sammore. Àwọn Zulu ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà ń pè é ní nagana.

Ó pẹ́ kí sáyẹ́ǹsì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní 1880, Griffith Evans, dókítà ẹran nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, rí irú kòkòrò àìrí bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin àti ràkúnmí tí àrùn surra ń ṣe. Ní 1895, David Bruce rí i ní ilẹ̀ àwọn Zulu pé irú kòkòrò yìí ló ń fa nagana, ó sì so ọ̀rọ̀ náà mọ́ eṣinṣin tsetse. Títí di òní, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò náà máa ń pààrọ̀ aṣọ ara rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ara tó mọ ojú rẹ̀, ó ti gbé ojú mìíràn wọ̀. Ẹ rò ó bí ẹni tó ń yí password padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé.

Ọ̀yọ́ ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi lè wo ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ àsìkò, ogun tí wọ́n bá Dàhòmì jà sì fi èyí hàn. Láti 1726 ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Agaja, ọba Dàhòmì. Ẹ lè béèrè pé, ṣebí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀bá òkun, igbó ni? Rárá o. Ní apá ibẹ̀, tó jẹ́ orílẹ̀-èdè Benin àti Togo lónìí, igbó ńlá já, ọ̀dàn sì sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìtòsí òkun. Ọ̀nà ẹṣin nìyẹn. Agaja ní ìbọn, Ọ̀yọ́ ní ẹṣin, ẹṣin sì borí.

Ṣùgbọ́n Agaja kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tó yá, tó bá ti gbọ́ pé Ọ̀yọ́ ń bọ̀, á dáná sun ìlú ara rẹ̀, á kó àwọn èèyàn rẹ̀ wọgbó, á sì jókòó síbẹ̀. Kí ló ń retí? Òjò ni. William Snelgrave, ará Ìlú Ọba tó ń ra ẹrú ní etíkun náà nígbà yẹn, kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1734 pé bí àsìkò òjò bá ti ń súnmọ́, àwọn Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ padà sílé nítorí oúnjẹ ẹṣin. Bí Agaja ṣe pẹ́ lórí oyè nìyẹn, kó tó wá bá Ọ̀yọ́ ṣàdéhùn ní 1730. Ẹ ò rí nǹkan: ẹgbẹ́ ogun tó lágbára jù ní gbogbo àyíká yẹn, kàlẹ́ńdà ẹṣin ló ń darí rẹ̀.

Ta ló wá mọ kàlẹ́ńdà yẹn sórí? Kì í ṣe Aláàfin, kì í sì í ṣe Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ẹni tó ń gé koríko ni. Ẹ wo iṣẹ́ tó wà nídìí ẹṣin kan. Koríko tútù lójoojúmọ́, ọkà bàbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, omi tó lè tó lítà 20 sí 40 lójúmọ́, tí yóò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oòrùn. Ẹṣin ò lè bì. Tó bá jẹ ohun tí inú rẹ̀ ò gbà, inú rírun lè pa á kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí ara rẹ̀ yá, kó lè mọ ọjọ́ tí nǹkan yí padà. Irú ìmọ̀ yìí ò sí nínú oríkì ẹnikẹ́ni.

Ní Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹ́ ẹrú, àwọn Haúsá tí wọ́n rà láti òkè, láti ibi tí ẹṣin ti ń wá. Robin Law, òpìtàn tó kọ̀wé lórí ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ àti lórí ẹṣin ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tẹnu mọ́ ọn pé Ọ̀yọ́ gbára lé wọn. Ẹni tó gun ẹṣin ní orúkọ àti oyè. Ẹni tó mú ẹṣin wà láàyè, wọ́n lè tà á lọ́la.

Nǹkan bí ọdún 1817 ni ó bú. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, ti bá Aláàfin jà. Ó ké sí àwọn ẹrú Haúsá tó wà káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n wá bá òun, òmìnira wà lọ́dọ̀ òun. Wọ́n lọ. Ta ni yóò bá wọn wí? Láti ilé dé ilé, àwọn tó ń da màlúù, tó ń hun okùn, tó ń bọ́ ẹṣin, dìde wọ́n sì gba ọ̀nà Ìlọrin.

Ìwé ìtàn ilé ẹ̀kọ́ wa máa ń sọ ti Àfọ̀njá, bó ṣe dalẹ̀ àti bí àwọn tó pè ṣe pa á níkẹyìn. Òótọ́ ni. Ìjà oyè nínú ààfin náà wà níbẹ̀, a ò ní sọ pé ẹṣin nìkan ló wó Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ọ̀yọ́ pàdánù lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀nà ìṣòwò tí ẹṣin tuntun ń gbà wọlé bọ́ sẹ́nu Ìlọrin, àwọn tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹṣin tó kù sì ti lọ. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́-Ilé fi di ahoro. Aláàfin Àtìbà ló tún ìlú tẹ̀ dó ní ìsàlẹ̀, níbi tí Ọ̀yọ́ wà títí dòní.

Ìlọrin wá di ẹlẹ́ṣin. Àmọ́ eṣinṣin àti igbó ò mọ ẹni tó ń jọba. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, ní bèbè ilẹ̀ igbó, níbi tí ẹṣin ò ti ní àyè láti sáré. Àwọn àgbà ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ilẹ̀ náà ló máa ń pinnu ibi tí yóò ti sọ̀.

Kí ló kàn wá nínú èyí, àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun? Ó kàn wá gan-an. Nínú iṣẹ́ tiwa, ọjọ́ tí app tuntun bá jáde ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tó jí ní aago méjì òru kí nǹkan má bàa dúró, kì í sí nínú fọ́tò. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kúrò níbi iṣẹ́, wọ́n lè má mọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́ náà lè má mọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ó sì kan àwọn tó ń gun ẹṣin lónìí. Ọdún Iléyá ni Ojúde Ọba ń tẹ̀ lé, kàlẹ́ńdà òṣùpá ni Iléyá sì ń tẹ̀ lé, kì í wo ojú òjò. Nítorí náà, ẹṣin lè wọ Ìjẹ̀bú nígbà tí kòkòrò pọ̀ jù. Kì í ṣe tsetse nìkan: àwọn kòkòrò tín-ín-tín-ín tó ń jẹni láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ náà lè gbé àrùn tó máa ń pa ẹṣin kíákíá. Ẹni tó bá ní ẹṣin, kó mú un wọlé kí oòrùn tó wọ̀, kó má jẹ́ kí omi dúró sí àyíká ilé ẹṣin, kó sì fọ abẹ́ pátákò rẹ̀ lójoojúmọ́ torí ẹrẹ̀ máa ń jẹ ẹ́. Nígbà ọyẹ́, kó wọ́n omi sí koríko gbígbẹ kí eruku má bàa mú un húkọ́. Tí oúnjẹ bá fẹ́ yí padà, kó yí i díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Kó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì fún un. Kó má sì fúnra rẹ̀ gún un ní oògùn tó rà lọ́jà. Kí dókítà ẹran kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ná.

Tó bá ṣeé ṣe, kí dókítà náà wá bá ẹṣin nílé, kó má jẹ́ pé ẹṣin tó ń ṣàìsàn ni a ó tún tì sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ bá dókítà. Kì í ṣe àṣà òyìnbó ni èyí. Ẹlẹ́ṣin ò lè lọ sójú ogun kó fi ẹni tó ń gé koríko sílé. Ibi tí ẹṣin bá wà ni ìtọ́jú gbọ́dọ̀ wà.

Fíìmù Biyi Bandele tó jáde ní 2022, látinú eré tí Wole Soyinka tẹ̀ jáde ní 1975, ti jẹ́ kí gbogbo ayé mọ orúkọ oyè Ẹlẹ́ṣin Ọba. Oyè ńlá ni. Àmọ́ àwọn tó ń mú ẹṣin ọba mu omi láràárọ̀ kò ní orúkọ nínú ìwé kankan tí a kà. Tí ẹ bá tún rí ẹlẹ́ṣin níbi ayẹyẹ, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹwà wa ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹṣin náà dáadáa. Ẹnì kan máa ń wà níbẹ̀ tó di ìjánu mú. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀.