Ohùn Ọ̀rọ̀ àti Ohùn Ọkàn: Ìtàn Fífi Ẹ̀rọ Wádìí Ìmọ̀lára àti Ìṣòro Rẹ̀ Nínú Èdè Olóhùn

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ tí ó ń fi ohùn wádìí ìmọ̀lára kò rí ojú; ohùn nìkan ni ó fi ń pinnu bóyá inú ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ dùn, tàbí ó bàjẹ́, tàbí ẹ̀rù ń bà á. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti sọ ìtàn ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní ṣókí, kí a sì fi hàn pé òdiwọ̀n tí a gbé ka èdè àwọn òyìnbó kò tó fún èdè olóhùn, irú èyí tí à ń gbọ́ ní Minna.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìwádìí Náà

Ní 1872, Charles Darwin tẹ ìwé jáde lórí bí ènìyàn àti ẹranko ṣe ń fi ìmọ̀lára hàn, ó sì ka ohùn mọ́ ọn. Ní 1939, Fairbanks àti Pronovost ní Amẹ́ríkà wọn gíga ohùn àwọn òṣèré tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí ń bínú, tí ń bẹ̀rù, tàbí tí ń ṣọ̀fọ̀. Williams àti Stevens (1972) kò dúró lórí ohùn òṣèré nìkan. Wọ́n yẹ ohùn akọ̀ròyìn rédíò kan wò, ẹni tí ó ń ròyìn lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, 1937, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Hindenburg gbiná lójú rẹ̀. Wọ́n rí i pé ohùn rẹ̀ ròkè lẹ́yìn tí iná náà sọ.

Láti inú irú iṣẹ́ báyìí ni òdiwọ̀n ẹ̀rọ ti jáde: iye ìgbà tí tán-án-ná ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára ohùn, ìyára ọ̀rọ̀, àti ìdákẹ́jẹ́ àárín rẹ̀. Ọ̀kan nínú àkójọ ohùn tí a fi kọ́ kọ̀ǹpútà jù lọ ni èyí tí a tẹ̀ jáde ní Berlin ní 2005. Òṣèré 10 ni ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, èdè Jámánì ni wọ́n sì sọ.

Èdè Olóhùn ní Minna

Ilẹ̀ Gbagyi ni Minna. Láti ìgbà tí ọ̀nà reluwé láti Èkó ti pàdé ti Baro sí Kano níbẹ̀ ní 1911 ni oríṣiríṣi èdè ti ń pọ̀ sí i ní ìlú náà. Gbagyi, Nupe tí àwa ń pè ní Tápà, Haúsá àti Yorùbá, èdè olóhùn ni gbogbo wọn. Nínú irú èdè bẹ́ẹ̀, gíga ohùn ti ní iṣẹ́ mìíràn kí ìmọ̀lára tó dé: òun ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn méjì. Ohùn òkè nìkan ni ó wà nínú Bádé kí Kúnlé. Ohùn àárín nìkan ni ó wà nínú Mo jẹ ẹran. Bí ẹnì kan náà bá sọ méjèèjì láìsí ìbínú tàbí ayọ̀, ti àkọ́kọ́ yóò ga ju ti èkejì lọ. Ẹ̀rọ tí kò mọ ohùn Yorùbá lè ka gíga yìí sí ìdààmú ọkàn. Síwájú sí i, Connell àti Ladd (1990) pẹ̀lú Laniran àti Clements (2003) ti fi hàn pé àwọn ohùn tí ó yí ohùn kan ká a máa nípa lórí gíga rẹ̀. Àwọn èdè olóhùn pàápàá kò sì rí bákan náà. Haúsá lè fi gíga ohùn béèrè ìbéèrè. Yorùbá ń lo ṣé tàbí ǹjẹ́.

Àṣà náà ní ipa tirẹ̀. Nínú ẹkún ìyàwó, ohùn ẹkún ni ìyàwó fi ń dágbére fún àwọn òbí rẹ̀, síbẹ̀ ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ̀rọ tí ó bá pe ìyàwó náà ní oníbànújẹ́ ti gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ohun Tí Ó Pa Ènìyàn Pọ̀

Èyí kò wí pé ìmọ̀lára kò lè kọjá ààlà èdè. Scherer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2001) mú ohùn àwọn òṣèré Jámánì dé orílẹ̀-èdè 9. Ìpín 66 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn olùgbọ́ gbà. Jámánì gba 74, Indonesia gba 52. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan nínú wọn. Ní 2010, Sauter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn Himba ní Namibia àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ ẹ̀rín ara wọn àti igbe ìbẹ̀rù ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rín àti igbe ni wọ́n lò, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ohùn èdè ti ń dá sí i.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé lásán. Bí a bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn tàbí ibi iṣẹ́, ó lè pe aláìsàn tí ẹ̀rù ń bà ní ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ó sì pe òṣìṣẹ́ tí kò bínú ní oníjà. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2024 ti ka lílo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní ibi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́, àfi nítorí ìlera tàbí ààbò. Ní tiwa, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ni láti gba ohùn àwọn elédè sílẹ̀ nínú ìgbé ayé wọn, kí a kọ́kọ́ sàmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, kí àwọn tí ó ni èdè náà sì sọ ìmọ̀lára tí wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni a lè mọ èyí tí ó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ àti èyí tí ó jẹ́ ti ọkàn. Bí a kò bá ṣe é, òdiwọ̀n ẹlòmíràn ni a ó fi máa wọn ọkàn wa.