Ọdún 26 Láti Orí Àga Kan Dé Òmíràn

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ẹni tó bá fẹ́ dájọ́, kó gbọ́ tọ̀tún, kó gbọ́ tòsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí kóòtù òyìnbó dé ilẹ̀ wa, ọkùnrin nìkan ló jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Ẹni tó bá fẹ́ di adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di lọ́yà, kò sì síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ nílé. Ọkọ̀ ojú omi ni wàá wọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Owó ni, òtútù ni, ọdún gbọọrọ ni. Ọ̀nà yẹn ni Christopher Sapara Williams gbà di lọ́yà àkọ́kọ́ nínú ọmọ Nàìjíríà ní 1879. Ó di 1931 kí Olumuyiwa Jibowu tó di májísíréètì.

Stella Thomas náà wọ ọkọ̀ ọ̀hún. Èkó ni wọ́n bí i sí. Ní 1933, ó di lọ́yà, obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1943, wọ́n fi í ṣe májísíréètì, òun náà ni obìnrin àkọ́kọ́. Ó dájọ́ ní Ìkẹjà.

Ṣé ẹ rò pé ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn? Rárá o! Láti orí àga májísíréètì dé ti Kóòtù Gíga, ọdún 26 ló kọjá kí obìnrin tó débẹ̀. 1969 ni Modupe Omo-Eboh di adájọ́ Kóòtù Gíga, àkọ́kọ́ nínú obìnrin Nàìjíríà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Stella di májísíréètì á ti jáde yunifásítì kó tó ṣojú rẹ̀.

Wọ́n ti ṣí Law School l'Ékòó ní 1963, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi sì ti tán. Òfin 1999 ní kéèyàn ti jẹ́ lọ́yà fún ọdún 10 kó tó lè dé Kóòtù Gíga, 12 fún Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn, 15 fún Kóòtù tó ga jù lọ. Òfin ò béèrè bóyá o wọ ṣòkòtò tàbí ìró.

Aloma Mukhtar ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di olórí adájọ́ Nàìjíríà, ní 2012. Ìkejì ni Kudirat Kekere-Ekun, ní 2024. Ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: májísíréètì l'Ékòó, 1989. Kóòtù Gíga, 1996. Kòtẹ́milọ́rùn, 2004. Kóòtù tó ga jù lọ, 2013. Irú àga tí Stella jókòó sí ló fi ṣe àkàsọ̀ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá tún bi ọmọbìnrin tó ń kọ́ Law nínú họ́ọ̀sìtẹ́ẹ̀lì yín pé, "Ìwọ náà fẹ́ dájọ́?", ẹ bá a dáhùn. Ẹ ní ọ̀nà náà jìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ obìnrin ti là á.