Ẹ̀ka-Èdè Àwọn Kọ̀ǹpútà: Ìdí Tí Ti Bàbá àti Ti Ọmọ Kì Í Fi Í Gbédè Ara Wọn

Ìtàn tòní dá lórí wàhálà kan tí ọ̀pọ̀ ilé mọ̀: kọ̀ǹpútà méjì wà nínú ilé kan náà, Wi-Fi kan náà ni wọ́n ń lò, síbẹ̀ ọ̀kan kò rí fáìlì èkejì.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ká ní ọmọ Òkìtìpupa ni yín. Kọ̀ǹpútà bàbá yín ń lo Windows XP, èyí tó jáde ní ọdún 2001. Inú rẹ̀ ni fọ́tò ìsìnkú ìyá àgbà wà, inú rẹ̀ náà ni ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ ẹbí wà. Ẹ̀yin gbé láptọ́ọ̀pù Windows 11 dé láti Èkó. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ so àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ wo ibi tí fáìlì yẹ kó ti yọjú. Òfìfo. Kí ló dé?

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ èdè ni. Ẹ má rò pé òwe ni mo ń pa o. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fúnra wọn ló pe àwọn ẹ̀dà èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì ní ẹ̀ka-èdè.

Ọmọ Ìkálẹ̀ á tètè lóye èyí. "Iṣẹ́" tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, "uṣẹ́" ni lẹ́nu àwọn àgbà wa. Tí ará Òkìtìpupa bá pàdé ará Ọ̀yọ́, wọ́n á wá Yorùbá tí àwọn méjèèjì gbọ́, wọ́n á sì fi ṣòwò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà ń ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Barry Feigenbaum, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ IBM, ṣe ètò kan tí kọ̀ǹpútà kan lè fi ṣí fáìlì tó wà lórí òmíràn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ tirẹ̀, BAF, ni wọ́n kọ́kọ́ fi pe ètò náà, kí wọ́n tó yí i sí SMB. Microsoft gbà á, ó ń tún un ṣe, ó sì fi sínú Windows for Workgroups ní 1992. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe ni ẹ̀ka-èdè tuntun ń jáde. Nítorí náà, kí kọ̀ǹpútà méjì tó pín ohunkóhun, èyí tó ń béèrè á kọ́kọ́ ka gbogbo ẹ̀ka-èdè tó gbọ́ sílẹ̀, èkejì á sì mú èyí tó dára jù nínú àwọn tí òun náà gbọ́. Tí kò bá sí ìkankan, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ní Canberra, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Andrew Tridgell fẹ́ kí kọ̀ǹpútà DOS rẹ̀ máa rí fáìlì orí kọ̀ǹpútà Unix. Ìparí 1991 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1992 nìyẹn. Kò ní ìwé tó máa kọ́ ọ lédè náà. Ó ń fetí sí ohun tí àwọn ẹ̀rọ ń bá ara wọn sọ lórí wáyà, ó ń fara wé wọn, bí àlejò ṣe ń gbọ́ èdè lọ́jà, títí ètò rẹ̀ fi ń dáhùn bí ọmọ onílé. Nígbà tó nílò orúkọ, ó wá ọ̀rọ̀ tó ní S, M àti B nínú àkójọ ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà, ó sì rí Samba. Samba yẹn ni Linux ṣì fi ń bá Windows pín fáìlì títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun tó bá fẹ́ gbọ́ ti ẹ̀rọ àtijọ́ gbọ́dọ̀ fi èdè àtijọ́ sílẹ̀ nínú ara rẹ̀. Windows Vista mú SMB2 dé, Windows 8 mú SMB3 dé ní 2012, àmọ́ wọn kò yọ SMB1 kúrò, torí XP kò gbọ́ òmíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, Ned Pyle ti Microsoft kọ̀wé gbangba pé kí gbogbo ayé jáwọ́ nínú lílo SMB1. Ọ̀pọ̀ kò dá a lóhùn.

Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ni ẹ̀san dé. WannaCry gba ojú ihò kan nínú SMB1 wọlé, ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ó kó bá kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́, ó da iṣẹ́ rú ní ó kéré tán àjọ ilé ìwòsàn 80 nínú 236. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: Windows 7 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó o, kì í ṣe XP. Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò náà jáde láti oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò tíì fi í sórí ẹ̀rọ wọn.

Láti oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni Windows 10 tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sórí ẹ̀rọ kì í ti í sábà gbé SMB1 wá mọ́. Ìdí nìyí tí láptọ́ọ̀pù yín fi ń wo ti bàbá yín bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ilẹ̀kùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tì lẹ́yìn tí olè wọlé ni.

Tí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé kí ẹ tan SMB1 padà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà. Ẹ lo fláàṣì tí wọ́n ṣètò sí FAT32. Windows XP gbọ́ ọ, Windows 11 náà gbọ́ ọ. Ẹ kàn rántí pé fáìlì kan ṣoṣo kò lè tó 4GB lórí rẹ̀, torí náà fídíò ìsìnkú tó gùn lè kọ̀. Ẹ jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù yẹ fláàṣì náà wò fún fáírọ́ọ̀sì kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Tí fáìlì bá pọ̀ jù, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lè yọ háàdì dísìkì náà, kó fi í sínú àpótí USB, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má fi falẹ̀ o. Ní ẹkùn gúúsù Ondó tí iná ìjọba ti ṣọ̀wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń lọ sókè-sódò kì í ṣàánú háàdì dísìkì àgbà. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bàbá bá kọ̀ láti tàn, kò ní sí ẹ̀ka-èdè kankan tí a máa fi bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ẹ bá tún délé, ẹ kó fọ́tò àti ìwé wọ̀nyẹn jáde, ẹ sì ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan má wà níbi tí èkejì wà.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì wà nílé bàbá rẹ̀.