Ọba Kì í Pé Méjì Láàfin: Ẹnì Kan Ni àbí Ìgbìmọ̀?

Yorùbá ní, "Ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè lè pé mẹ́fà láàfin." Àwọn tó ń du ipò la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kò lé ìjòyè jáde. Ó tilẹ̀ fún wọn láyè láti pọ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì méje ló yí Aláàfin ká, wọ́n sì lágbára débi pé wọ́n lè kọ ọba. Ohun tí òwe náà kò gbà ni kí ẹnu tí yóò parí ọ̀rọ̀ di méjì. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà gan-an: ta ló yẹ kó pinnu bí ètò yóò ti rí, ẹnì kan ni àbí ìgbìmọ̀?

Ọmọ Òkè-Ògùn kan ti fi ọ̀nà hàn wá nínú iṣẹ́ kíkọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí Samuel Àjàyí Crowther ní Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ṣùgbọ́n ó gba òmìnira, ó sì kàwé. Nígbà tí ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde ní 1852, ẹ, ọ àti ṣ ti ní àmì nísàlẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló dá lẹ́tà wọ̀nyí sílẹ̀: àwọn míṣọ́nnárì ti gbìyànjú ṣáájú rẹ̀, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS náà sì lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n etí ẹni tí a bí sínú èdè ló fi yẹ iṣẹ́ náà wò. Nígbà tí ìpàdé lórí àkọtọ́ wáyé ní Èkó ní 1875, òun náà ni alága.

Bẹ́ẹ̀ náà ló tún rí ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e. Ní 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, tẹ ìwé jáde lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ dìde ní 1966, wọ́n sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. "Aiya" di "àyà", "enia" di "ènìyàn". Ọ̀mọ̀wé kan lè rí àbùkù, ó sì lè là á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè dá mú tíṣà Ṣakí àti ti Abẹ́òkúta kọ ọ̀rọ̀ bákan náà. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ nìyẹn.

Lónìí, orí fóònù là ń kọ Yorùbá. Unicode, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, ló ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. "Ọ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ọ́" kò ní. Àmì ohùn ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀, òun la fi ń lé e lórí. Ìdí nìyí tí àmì fi ń yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà nínú fọ́ǹtì tí kò dáa. Kò sí ẹnì kan tó lè dá mọ lẹ́tà gbogbo ayé, àfi ìgbìmọ̀.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà tún nílò ọ̀nà tí yóò fi tọ́jú nọ́ńbà wọ̀nyí. Ìgbìmọ̀ kan ti ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní UTF-1, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti lò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ìgbìmọ̀ X/Open ní kí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Ken Thompson àti Rob Pike, bá àwọn yẹ àbá mìíràn wò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, nílé oúnjẹ kan ní New Jersey, Thompson ya ìlànà tirẹ̀ sórí bébà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ àwo. Òun ni UTF-8, tí ọ̀pọ̀ jù lọ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń lò báyìí. Gbogbo ẹ àti ọ tí a fi ń ránṣẹ́ síra wa, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ àti iṣẹ́ orí kan ló jọ gbé wọn.

Ìyàtọ̀ wọn hàn kedere. Níbi tí ìmọ̀ ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìgbìmọ̀ ló yẹ. Níbi tí gbogbo ẹ̀yà iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ bára mu, orí kan ló yẹ, nítorí ìgbìmọ̀ a máa fẹ́ tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn: wọ́n á gba ti lágbájá, wọ́n á gba ti tàmẹ̀dò, iṣẹ́ á sì wúwo. Fred Brooks, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀, The Mythical Man-Month, ní 1975.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti káàkiri Òkè-Ògùn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ yan ẹni kan tí yóò ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló ní ìpinnu ìkẹyìn. Kí ó pe àwọn yòókù jọ, kí ó gbọ́ àtakò wọn, kí ó sì ṣàtúnṣe. Ẹni tí kò gba ìmọ̀ràn kò yẹ nípò náà; ẹgbẹ́ tí kò sì ní ẹni tí yóò parí ọ̀rọ̀ kò tíì múra iṣẹ́.